Ìlà Méjì Lábẹ́ Igi Kajú

Bíàú dé láti Kútọnu nínú oṣù kẹta,
nígbà tí kajú ń já bọ́ lóru bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn.
Ó ti kàwé ọrọ̀-ajé fún ọdún mẹ́fà.
Bàtà rẹ̀ funfun; eruku Ṣábẹ̀ kò tọrọ àyè
kó tó kùn ún ní osùn.

Ó fi igi fa ìlà méjì sínú yanrìn,
ọ̀kan ń gòkè, ọ̀kan ń sọ̀ kalẹ̀.
Ó ní ibi tí wọ́n ti pàdé, ibẹ̀ ni owó ọjà ń sùn.
Adìẹ ìyá wa gba orí rẹ̀ kọjá.
Mo ní, "Bíàú, nínú ìlà wo ni gbèsè Bàbá wà?"
Ó ní gbèsè kò sí nínú àwòrán yìí,
àwòrán mìíràn ni ti gbèsè.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sẹ̀fá ni kílò kan.
Lọ́dún yìí, ọ̀ọ́dúnrún, àfi bí o bá fẹ́ rù ú padà sílé.
Èéṣe? Òjò kò kọ̀. Igi kan náà ni.
Ẹ̀yìn kan náà ló ń bẹ̀rẹ̀ ṣà á.
Bíàú ní ká gbójú kúrò lára igi.
Ó ní ọkọ̀ ojú omi kan wà ní Fiẹtinámù tó ti kún,
ó ní ẹnì kan tí kò mọ Ṣábẹ̀ yàtọ̀ sí sábẹ́ ibùsùn
ló gbé owó èlé sókè nílùú òyìnbó,
ni alágbàtà bá ń yáwó tẹ̀rù-tẹ̀rù.
Ẹ̀rù náà rìn, ó rìn, ó rìn,
ó gba Kútọnu, ó gba Ìdáàṣà,
ó wá jókòó sórí àpò ìyá wa.

Mo fẹ́ràn ìyẹn. N kò lè purọ́.
Ó dà bíi pé ẹnì kan gbé fìtílà wọ yàrá
tó ti ṣókùnkùn láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.

Ṣùgbọ́n ó tún ní, iye tí ohun kan jẹ́
ni ohun tí o fi sílẹ̀ kí o tó rí i gbà.
Ó sọ ọ́ tán, ó dákẹ́.
Ìdánwò ló ń ṣe lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí a sin Bàbá.
Kò sẹ́ni tó fèsì. Kajú kan já bọ́.

Ọ̀sán pọ́n, alágbàtà gbé òṣùwọ̀n dé.
Bíàú gbé bídọ́ọ̀nù omi ológún lítà lé e.
Ogún lítà, ogún kílò; ike kò tó nǹkan.
Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n dúró sí mẹ́tàdínlógún.
Alágbàtà gbójú sókè, bíi pé ojú ọ̀run ló jẹ̀bi.
Bíàú yọ ìwé, ojú rẹ̀ ń dán:
"Ìyá! Kílò mẹ́ta nínú ogún!
Ṣé ẹ mọ iye tí wọ́n ti jẹ lára yín?"

Ìyá Ọ̀rú ń fi àkísà nu ọwọ́.
"Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti mọ̀.
Kí lo rò pé òkúta ń wá ní ìdí àpò?"
Alágbàtà bú sẹ́rìn-ín. Òun náà mọ̀ nípa òkúta.
"Bó bá tún abẹ́rẹ́ ṣe, mo gbọ́dọ̀ yọ òkúta.
Bí mo bá yọ òkúta, owó kílò la óò jọ máa jà lé lórí,
ìjà yẹn kò sì ní parí kí òjò tó dé.
A ti bá ara wa sọ ọ́ láì lanu.
Ìwọ ọmọ yìí lo fẹ́ bà á jẹ́."

Bíàú wo ìlà rẹ̀ nínú yanrìn.
Ipa ẹsẹ̀ adìẹ wà gan-an níbi tí wọ́n ti pàdé.
Ó na ẹsẹ̀ láti pa á rẹ́. Kò pa á rẹ́.
Ó lọ jókòó sórí irin tí ọkọ̀ ojú irin kò gbà mọ́,
ó ń kọ̀wé títí oòrùn fi wọ sẹ́yìn àpáta.
Ó bi mí, "Ọdún wo gan-an ni òkúta bẹ̀rẹ̀?"
Mo ní, "Ọdún tí Bàbá jẹ gbèsè."
Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.
Lẹ́yìn náà ó dìde, ó wá igi rẹ̀ rí,
ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà kẹta.